Òjìji Ọwọ́ Lára Aṣọ Funfun

Mọ́ínmọ́ín ló kọ́kọ́ yí dé ẹsẹ̀ Zakariyya, kí Hàlímátù fúnra rẹ̀ tó yọ̀ dé ibẹ̀. Ibi tí ọmọbìnrin náà ti ń yára kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ má bàa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òun ló ti tẹ yìnyín tó dì gbagidi níwájú gbọ̀ngán ìpàdé kan ní Downsview. Kúlà ọwọ́ rẹ̀ lọ lọ́tọ̀, bàtà kan lọ lọ́tọ̀, mọ́ínmọ́ín eléwé ń yí gbirigbiri káàkiri, Hàlímátù sì fi ìdí jókòó sáàárín wọn, híjáàbù ti bò ó lójú pátápátá.

Nígbà tó fi máa ká híjáàbù kúrò lójú, igi ṣọ́bìrì kan ló rí tí wọ́n nà sí i. Ó fi ojú tẹ̀lé igi náà dé orí ìbọ̀wọ́ dúdú, ó tẹ̀lé ìbọ̀wọ́ dé apá kóòtù tí ọ̀dà ta sí, ó wá kan ojú ọkùnrin kan tó rẹwà, tó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti má rẹ́rìn-ín.

"Ẹ di igi yìí mú, Àǹtí, kí n fà yín dìde."

"Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àbí?"

"Èmi kẹ̀? Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí. Ẹ wo bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń lọ, wọn ò tiẹ̀ sọ pé ó dàbọ̀."

Ẹ̀rín wá pa Hàlímátù níbi tó jókòó sí. Ó di igi mú, ọkùnrin náà fà á, ó dìde. Ọwọ́ wọn kò kan ara. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ló dé tí kò na ọwọ́ sí i; ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó mú ẹ̀sìn wọn ní pàtàkì, ọkùnrin kì í fọwọ́ kan obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, tí kì í ṣe ìyá rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni Hàlímátù ti mọ òfin yìí. Ọjọ́ yẹn ni òfin náà kọ́kọ́ dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Tí ìgbà òtútù bá yẹ kó parí ní Toronto tí kò sì fẹ́ lọ, gbogbo nǹkan a máa sú èèyàn. Oòrùn á yọ, kò ní ta èèyàn lára. Tọkọtaya á máa jà lórí ẹni tó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá Mùsùlùmí àdúgbò fi máa ń yá gbọ̀ngán náà láti oṣù kejì títí di òpin oṣù kẹta. Sátidé jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́: dókítà á wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, agbẹjọ́rò á sọ ti ilé rírà, Ààfáà náà á gba tirẹ̀. Sọ́ńdè jẹ́ ti ìdílé: onídán, àlọ́, eré ọmọdé, àti tíì gbígbóná tí kì í tán.

Àwọn arúgbó ni Hàlímátù ń tọ́jú ní ilé kan ní Richmond Hill. Ọ̀dọ̀ Kàfáyàtù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé. Oyún Kàfáyàtù ti wúwo nígbà náà, kò lè máa rìn lórí yìnyín, torí náà Hàlímátù ló ń mú Hameedah, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ síbi eré. Zakariyya ní tirẹ̀, iṣẹ́ iná ló ń ṣe; láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ní Meadowvale ló ń fa wáyà sí. Lópin ọ̀sẹ̀, òun ló ń bójú tó iná àti máìkì fún ẹgbẹ́.

Sọ́ńdè ọjọ́ kejì tí mọ́ínmọ́ín yí, onídán tí wọ́n háyà kò dé. Ó ní yìnyín dí òun mọ́lé. Àwọn ọmọdé ti fẹ́ da gbọ̀ngán rú. Ni Zakariyya bá ta aṣọ ìbùsùn funfun kan síwájú, ó gbé iná sẹ́yìn rẹ̀, ó pa gbogbo iná yòókù. Ó fi ọwọ́ ṣe ajá, òjìji ajá yọ lára aṣọ, ó gbó. Ó tún ọwọ́ ṣe, ó ní ahun rèé.

"It's a bunny!" Hameedah pariwo.

"Ahun ni."

"No, Uncle. It's a bunny."

"Ó dáa. Ahun tó ní etí gígùn ni."

Ó wá ṣe ẹyẹ. Ẹyẹ náà fò lọ, ó fò bọ̀, ó wá dúró. "Ẹyẹ yìí ò ní ẹnìkejì," Zakariyya wí láti ẹ̀yìn aṣọ. "Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ ìyà?" Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọdé kò mọ ìtìjú? Hameedah fi orí ti Hàlímátù nídìí: "Auntie, go!" Gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́. Hàlímátù lọ.

Lẹ́yìn aṣọ, Zakariyya kọ́ ọ láìfọwọ́ kàn án: àtàǹpàkò báyìí, ìka yòókù báyìí. Òun dúró lápá kan, ọmọbìnrin náà dúró lápá kejì, àyè tó wà láàárín wọn, ọmọdé lè gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n òjìji kì í bá ọwọ́ dọ́gba. Lára aṣọ, ẹyẹ méjèèjì ń súnmọ́ra wọn, súnmọ́ra wọn, títí ẹnu wọn fi kan ara.

"They're kissing!" Àwọn ọmọdé lu ilẹ̀. Hàlímátù fa ọwọ́ rẹ̀ padà bí ẹni tí iná jó.

"Má bínú," Zakariyya sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Òjìji ni. Màláíkà kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sọ́rùn òjìji."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi náà ni mo sọ ọ́. Lọ bi Ààfáà."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn. Wọn kì í jọ lọ síbi kankan láwọn nìkan. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ibi eré ìdílé ni wọ́n ti ń rí ara wọn, lójú gbogbo ayé, Hameedah láàárín. Àwọn míì a máa fẹ́ra wọn létí òkun. Tiwọn, orí ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó gba orí owó orí kọjá, nígbà tí wọ́n fi máa dé orí táyà ìgbà òtútù, Hàlímátù ti mọ̀ pé òun kò lè fẹ́ ẹlòmíràn.

Wọ́n a sì máa ja ìjà àgbà. Oṣù mélòó kan ni Hàlímátù fi ju Zakariyya lọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò gbà.

"Àbúrò mi, gbé tíì yẹn fún mi."

"Ta ni àbúrò ẹ? Mo jù ẹ́ lọ."

"Wo irùngbọ̀n mi."

"Òbúkọ náà ní irùngbọ̀n. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá fi ẹnu ara ẹ pè mí ní ẹ̀gbọ́n, mo búra."

"Ọjọ́ yẹn ò ní dáa fún mi," Zakariyya dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà níwájú fi yíjú padà wò wọ́n.

Ọ̀sán Sátidé kan tí wọ́n ń tú wáyà lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó bí i, kò sì jí sí ayé mọ́. Ìyá àgbà ló wá láti Ìwó wá gbé e, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló dàgbà sí, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ṣì wà ní yàrá níbẹ̀ dòní.

"Mọ́kọ́lá kẹ̀? Kàfáyàtù ní a gbé Mọ́kọ́lá rí o, kí Bàbá wa tó kó wa lọ sí Ìṣẹ́yìn!"

"Hàlímátù, ó lè jẹ́ pé a ti jọ sunkún ládùúgbò kan náà."

Inú wọn dùn. Wọ́n ní àmì ni. Ẹ wò ó, olólùfẹ́ a máa yọ̀ lórí ohun tó yẹ kó bà á lẹ́rù.

"N kò pe ẹnikẹ́ni ní 'Ìyá mi' rí láyé," Zakariyya wí, ojú rẹ̀ wà lára wáyà tó ń ká. "Ìyá àgbà ni mo ń pe ẹni tó tọ́ mi. Tí màmá ẹ bá gbà mí, tó o bá gbà mí, mo fẹ́ máa pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Hàlímátù. Ṣé wàá gbà?"

Omi gba ojú Hàlímátù. Ó ní, "Mo ti gbà látìgbà tí o ti ń bá mọ́ínmọ́ín kẹ́dùn."

Kàfáyàtù ni kò jẹ́ kó rọrùn. Obìnrin yẹn ò fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣeré. Ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí òun mọ genotype wọn. AA ni àwọn méjèèjì. Ó pe Ìwó lórí WhatsApp, ó wádìí bàbá, ó wádìí bàbá bàbá: kò sí wèrè, kò sí olè, kò sí àrùn burúkú. Ó yọ̀, ó ní ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Àbúrò bàbá wọn tó wà ní Ìṣẹ́yìn fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí wọ́n dúró kí Alhaja, ìyá wọn, tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ Kàfáyàtù dé, kí wọ́n wá so yìgì ní Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta, nínú gbọ̀ngán yẹn gan-an, lẹ́yìn eré ìdílé. Hàlímátù ti ra aṣọ. Àwọ̀ oyin ni, ó sì máa ń ṣí àpótí wò ó kó tó lọ sí shift.

Alhaja dé, ọmọ tuntun ti wà nílẹ̀. Zakariyya wá kí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ojú kan tí Alhaja wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Kí ni oríkì rẹ, kí n fi kí ọ?"

"Àlàmú, mà."

"Àlàmú! Àlàmú ọmọ ibo?"

"Ọmọ Ìwó ni mí, mà. Ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ni wọ́n bí mi sí."

"Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí, mà, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Aránṣọ ni wọ́n. Sàfúrátù ni orúkọ wọn."

Alhaja wò ó títí, ó sì ní òun fẹ́ lọ kírun. Ìrun yẹn pẹ́ ju ìrun lọ. Zakariyya jókòó, ó mu omi, ó mu tíì, ó dìde lọ, Alhaja kò jáde sí i mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti dà bí ilé tí wọ́n ti ń retí ìròyìn láti ọsibítù. Alhaja ń wẹ ọmọ, kò kọrin sí i. Oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ yìgì sílẹ̀, á ní ọmọ ń sunkún, ọmọ ò sì sunkún. Hàlímátù fara dà á, ó fara dà á, ó wá bú gbàmù lọ́jọ́ kan.

"Ìyá, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́! Ṣé torí pé wáyà ló ń fà ni? Dókítà lẹ fẹ́?"

"Ọmọ dáadáa ni," Alhaja wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń pa mí."

Hàlímátù kàn rò pé ìgbéraga àgbà ni. Ó bá ìyá rẹ̀ bínú, kò bá a jẹun pọ̀. Ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn rẹ̀. Ká ní ó mọ ohun tó ń tọrọ ni.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ọjọ́ Ààfáà ni. Ẹ̀tọ́ ìyá lórí ọmọ ni àkòrí ọ̀rọ̀. Alhaja ní òun máa lọ, ó sì jókòó sáàárín àwọn obìnrin, Hàlímátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè béèrè, Alhaja na ọwọ́ sókè. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò rí ẹni tó gbé máìkì wá. Zakariyya ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na máìkì sí ẹnu ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì ṣẹ́jú sí Hàlímátù pé wàhálà ti parí nìyẹn, màmá ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ààfáà, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun béèrè," Alhaja bẹ̀rẹ̀. "Ó ń tọ́ ọmọbìnrin lọ́wọ́ ní ilé tí wọ́n háyà. Ẹnì kan wà ní yàrá kejì, aránṣọ ni. Ó bímọ ọkùnrin, ó sì kú sí ọsibítù. Ọmọ náà kò gba wàrà inú ike. Ó ń bì í. Ó ń gbẹ lọ lójú wa. Ọ̀rẹ́ mi wá fún un lọ́mú. Ọmú ọ̀tún fún ọmọ tirẹ̀, ọmú òsì fún ọmọ olóògbé. Títí ọmọ náà fi gbọ́n ẹ̀rín, tí ìyá àgbà rẹ̀ fi wá láti ìlú wá gbé e lọ. Àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà báyìí. Wọ́n fẹ́ fẹ́ra wọn. Ààfáà, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó dáadáa, ṣé kò sí ọ̀nà kankan tí ó fi lè ṣeé ṣe?"

Hàlímátù wo máìkì. Máìkì náà kò gbọ̀n. Ọwọ́ Zakariyya dúró ṣinṣin níwájú ẹnu obìnrin náà títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ti lọ.

Ààfáà ní, "Ṣé ọmọ náà mu ún yó?"

"Ó mu ún yó, Ààfáà. Ó ń sùn sí mi láyà."

Nígbà náà ni Alhaja gbọ́ ohun tó tẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó gbé ojú sókè, ó rí ẹni tó di máìkì mú. Ó ní, "Yéè! Àlàmú!"

"Ẹni tó fún ọmọ lọ́mú, ìyá rẹ̀ ni," Ààfáà wí. Àánú wà lóhùn rẹ̀, ó ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. "Ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá sọ di èèwọ̀, ọmú náà ti sọ ọ́ di èèwọ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Kí Ọlọ́run fún wọn ní ìfaradà."

Zakariyya gbé máìkì lọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó pa á. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Nílé, Kàfáyàtù sunkún ju àwọn tó ni ẹkún lọ. Ó ní òun rántí ọmọ kan tó máa ń ké nínú ilé nígbà yẹn, òun sì ti rò pé Hàlímátù ni. "Mo wádìí ẹ̀jẹ̀! Mo wádìí bàbá! Ta ló máa ń béèrè ọmú?" Ó wá kọjú sí ìyá wọn: "Ìyá, ẹ ò bá dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Mo dákẹ́," Alhaja dáhùn. "Ṣé ẹ ò rí i pé mo dákẹ́ títí? Mo ní bóyá Sàfúrátù míì ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òmíràn. Tí mo bá dákẹ́ tí wọ́n bí ọmọ sí mi lọ́wọ́, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ náà?"

Hàlímátù ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, ó ṣí omi kí wọ́n má bàa gbọ́ ẹkún òun. Ó sunkún títí omi fi tutù. Ó bínú sí òfin, ó bínú sí ìyá rẹ̀, ó wá bínú sí ọmọ ọwọ́ kékeré kan ní Mọ́kọ́lá tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀, tó jókòó sórí itan tí kò ké, tí kò fa ọmú padà. Kò rí ibì kankan tí ìrètí lè gbà wọlé. Ní Richmond Hill, ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú bi í pé ta ló kú. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Àwọn àgbàlagbà ilé náà wá ń rọra sọ̀rọ̀ tó bá ti wọlé.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ sí gbọ̀ngán lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó mọ̀ pé Zakariyya máa wà níbẹ̀. Ó bá a lórí àkàbà, ó ń pààrọ̀ gílóòbù. Ó ti rù.

"Sọ̀kalẹ̀," Hàlímátù wí. "Jẹ́ ká lọ. Orílẹ̀-èdè yìí fẹ̀. A lè lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá. Ààfáà míì máa so wá, a ò ní sọ nǹkan kan fún un. Ta ló máa rí wa?"

Zakariyya sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkàbà.

"Má rò pé n kò rò ó. Mo ti wo tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Méjì." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Hàlímátù, gbogbo ayé mi ni wọ́n fi sọ fún mi pé Ọlọ́run ló dá mi sí. N kò mọ̀ pé ẹnì kan wà tó gbé mi sáyà nígbà tí mò ń kú lọ. Ìdajì oúnjẹ ẹ ni wọ́n gbé fún mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ bá mi pín nǹkan nílé ayé, kí n tó mọ̀ pé mo wà láyé rárá. Ṣé kí n wá sọ pé kò ṣẹlẹ̀? Tí kò bá ṣẹlẹ̀, n kò sí níbí."

"Mi ò fẹ́ jẹ́ àbúrò ẹ. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ. Ìyàwó ẹ ni mo fẹ́ jẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ó dùn mí, Zakariyya."

"Ó dùn mí débi pé mi ò lè sùn. Ṣùgbọ́n mi ò lè mú ẹ lọ síbi tá a ti máa máa sá fún ojú ìyá tó gbà mí là."

Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní Edmonton. Òun á lọ lẹ́yìn eré tó kẹ́yìn, torí òun ti ṣèlérí fún àwọn ọmọdé. Hàlímátù fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, ó sì mọ̀ pé tí kò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa lè fara dà á nínú wọn. Ó yíjú, ó jáde.

Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹta dé, ọjọ́ tí wọn ì bá so yìgì. Aṣọ aláwọ̀ oyin wà nínú àpótí. Hàlímátù wọ kóòtù iṣẹ́, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú Hameedah. Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná kú, aṣọ funfun mọ́lẹ̀. Ajá gbó, ahun elétí gígùn jáde, àwọn ọmọdé pariwo. Ẹyẹ wá yọ. Ó fò lọ, ó fò bọ̀.

"Where's the other one?" Hameedah béèrè sókè.

Ẹyẹ náà dúró lára aṣọ fún ìgbà díẹ̀. "Ó wà nílé," Zakariyya dáhùn láti ẹ̀yìn. "Àlàáfíà ló wà." Ó sì pa iná.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń wá ìbọ̀wọ́ àti bàtà ọmọ wọn, ó gbé báàgì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Alhaja. Kò bìkítà pé ilẹ̀ tutù, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá mi," ó wí. "Ẹ ṣeun. Mo ń lọ. Mo máa wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín, ọdọọdún, níbikíbi tí ẹ bá wà. Ọmọ yín ni mí."

Alhaja gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Àlàmú. Àlàmú ọmọ Sàfú. Ayà mi kò gbàgbé rẹ." Ẹkún gbà á lẹ́nu.

Hàlímátù dìde láti sìn ín sọ́nà, bí èèyàn ṣe ń sin ará ilé ẹni. Níta, òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ti dì sílẹ̀. Iwájú gbọ̀ngán ń dán gbinrin, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Ṣọ́bìrì yẹn fara ti ògiri níbi tó máa ń wà. Àwọn méjèèjì rí i. Zakariyya na ọwọ́ sí i, ó sì fi í sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ dúdú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó fi í sápò, ó na ọwọ́ lásán sí Hàlímátù.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi."

Hàlímátù wo ọwọ́ náà, àpá wáyà lára ìka, èékánná tó gé kúrú, ọwọ́ tó ti ń wò láti ọjọ́ mọ́ínmọ́ín, tó ti lá àlá rẹ̀, tó ti gbàdúrà pé kó di tòun. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó dì í mú. Ó le, ó nípọn, ó sì gbóná. Kò mọ̀ pé ó máa gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ó sunkún sórí rẹ̀ láìpa ohùn mọ́, Zakariyya náà sì ń sunkún, wọ́n rọra ń gbé ẹsẹ̀ lọ lórí yìnyín bí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

"Ẹ di ara yín mú dáadáa o!" Alhaja ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Wọ́n di ara wọn mú. Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣí ilẹ̀kùn. Zakariyya ní, "Tó o bá fẹ́ ẹni rere, pè mí. Èmi ni mo máa gbé àpótí ẹ wọlé ọkọ. Mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e." Hàlímátù mi orí pé òun gbọ́. Ó fẹ́ sọ pé kò ní í fẹ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò fi ìyẹn kún ẹrù ẹni tó ń lọ. Ó ní, "Wọ ìbọ̀wọ́ ẹ. Edmonton tutù ju ibí lọ." Òun ló kọ́kọ́ tú ọwọ́ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì lọ. Ó dúró títí kò fi rí i mọ́. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo yìnyín yẹn wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ dúró sí, kò sì sí igi, kò sí ọwọ́. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Ó ń sunkún, ó sì ń ríran. Kò ṣubú.